Ẹ má bọ adìyẹ tí ẹ fẹ́ yí ní búrẹ́dì

Èrò ọkàn mi rèé: adìyẹ tí a fẹ́ yí ní èérún búrẹ́dì dín, kò yẹ kó kọ́kọ́ wọ ìkòkò ìbọ̀. Mo mọ̀ pé ó ti mọ́ wa lára ní Èkìtì níbí, adìyẹ gbọ́dọ̀ hó pẹ̀lú kọ́rì àti táìmù kó tó dénú òróró. Àgbébọ̀ àti adìyẹ ìbílẹ̀ ló nílò ìyẹn, torí ẹran wọn yi. Tí ẹ bá bọ àyà bùróílà, omi ara rẹ̀ á máa ti èérún kúrò nínú òróró, ìgbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá fi máa pọ́n, inú ti gbẹ bíi pákó.

Ẹ̀rù tó ń bà wá ni pé inú ò ní jinná. Á jinná, tí ẹran bá fẹ́lẹ́. Ẹ la àyà kọ̀ọ̀kan sí pẹlẹbẹ méjì, ẹ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bò ó, kí ẹ fi ìdí ìgò rọra lù ú títí yóò fi nípọn dọ́gba, bíi sẹ̀ǹtímítà 1. (Ọmọ odó iyán wúwo jù, ẹran á fọ́.) Ẹ fi iyọ̀, ata gbígbẹ àti aáyù pa á lára, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ nù ún gbẹ.

Fúláwà ló ń ṣáájú, kí ẹyin lè rí nǹkan dì mú. Ẹyin ló sì ń mú èérún. Fún àyà méjì, fúláwà ṣíbí 4, ẹyin 2, èérún ife 2 tó. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kó lẹ̀.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni búrẹ́dì. Búrẹ́dì àdúgbò wa ní ṣúgà, ṣúgà sì tètè ń jó. Ìdí nìyẹn tí òde fi ń dúdú nígbà tí inú ò tíì jinná. Búrẹ́dì ọjọ́ méjì ni kí ẹ lò, ẹ sá a gbẹ, ẹ fọwọ́ rún un, kó má kúnná bí ìyẹ̀fun. Iná kó má pọ̀. Ẹ ju èérún kan sínú òróró: kó hó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó bí ìṣẹ́jú kan kó tó pọ́n. Ìṣẹ́jú 3 sí 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé èyí tó nípọn jù wò. Omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìwọn-ooru, 74°C ni. Ẹ máa fi ajọ̀ kó èérún tó bá já sínú òróró, òun ló ń mú èyí tó kù korò. Lórí ajọ̀ náà ni kí ẹ gbé adìyẹ sí. Kúlà ni ọ̀tá rẹ̀, ooru inú rẹ̀ á mú kí èérún rọ̀.

Sípágẹ́tì ni a ó fi jẹ ẹ́, ọbẹ̀ rẹ̀ ò sì ṣòro: tòmátì 6, tàtàṣé 2, rodo 1, ẹ lọ̀ wọ́n, ẹ sè é kí omi gbẹ, kí ẹ dín in pẹ̀lú àlùbọ́sà títí òróró á fi léfòó. Wọ̀rọ̀wọ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà Ọba l'Adó ni mo fẹ́ràn jù sí i. Ẹ bọ̀ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fún omi rẹ̀, kí ẹ dà á sínú ọbẹ̀ nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 2 péré. Tó bá jẹ́ ẹ̀bọ̀lọ̀ ni, òórùn rẹ̀ á borí gbogbo ẹ̀.

Ẹ yọ sípágẹ́tì nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú kan kó rọ̀. Ẹ má fi omi tútù ṣàn án. Omi tó fi hó, tó lẹ̀ mọ́ ọn, ló ń di ọbẹ̀ mú. Ẹ dà á sínú ọbẹ̀ pẹ̀lú síbí omi rẹ̀ kan, kí ẹ pò ó lórí iná.

Ẹ gbé adìyẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ọbẹ̀ lé e lórí.