Òwú "Ilẹ̀ Wa" Tí Ó Ba Aṣọ Mi Jẹ́

Ẹnikẹ́ni tí ó bá tún fẹ́ dúró níwájú mi láti sọ pé kí n ra ọjà ilẹ̀ wa, kí ó kọ́kọ́ wá wo ohun tí ó wà nínú abọ́ ìfọṣọ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí níhìn-ín, kò nílò àlàyé. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, aṣọ híhun ni mo sì fi ń najú báyìí. Òfì ìyá mi, èyí tí a ń gbé ti ògiri, wà nínú yàrá mi. N kò hun tà, ìgbádùn ara mi ni. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin bímọ, mo pinnu pé òwú tí a gbìn, tí a ran, tí a sì rẹ ní aró lórí ilẹ̀ yìí nìkan ni n óò fi hun aṣọ ìpọnmọ rẹ̀.

Mo wá òwú náà títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ìsọ̀ kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án ni mo ti bá obìnrin kan tí ó kó ìdì pupa àti funfun jáde lábẹ́ tábìlì, bí ẹni tí ó ń fi nǹkan pamọ́ fún mi láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní, "Màmá, ti Nàìjíríà pọ́ńbélé ni, kò lè ṣí láéláé." Bébà kékeré kan lẹ̀ mọ́ ìdì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí i pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é. Owó rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta iye tí wọ́n ń ta ti Ṣáínà tí ó wà lórí tábìlì. N kò tilẹ̀ ná an. Mo sanwó, mo dúpẹ́, mo tún gbàdúrà fún un!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi hun aṣọ náà pẹ̀lú ojú tí kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, lábẹ́ iná tí ó ń wá ní ìdájí tí ó sì ń lọ kí n tó rí ibi tí mo fi ìgò ojú mi sí. Mo rẹ ẹ́ sínú omi tútù ní ẹ̀ẹ̀kan péré, omi sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ àgbò ọdún. Kò sí funfun kankan lára aṣọ náà mọ́. Mo lọ mú ìdì tí ó ṣẹ́kù, mo fi èékánná ṣí bébà rẹ̀, mo sì rí bébà mìíràn lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà àwọn ará Ṣáínà kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Mo padà lọ. Obìnrin tí ó ta òwú náà fún mi kò sẹ́. Ó ní bí òun ṣe rà á nìyẹn, ó ní kí n máa fi iyọ̀ rẹ ẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín: "Màmá, orúkọ yẹn náà ni owó gorí."

Àwọn ìyá wa ní Bùnú, nítòsí Kàbà, tú òwú pupa lára aṣọ òyìnbó láti fi hun aṣọ ìpó, aṣọ pupa tí a fi ń ṣe òkú àwọn ènìyàn pàtàkì, gbogbo wa ni a mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó parọ́ pé òun ni òun ran án. Irọ́ ni ó ń dùn mí, kì í ṣe Ṣáínà. Èmi kọ́ ni mo ti UNTL, ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ńlá nì, pa ní Kàdúná ní ọdún 2007. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ irin Àjàòkúta sílẹ̀ ní ọdún 1979, kò jìnnà sí wa rárá, síbẹ̀ ìṣó tí mo fi kan òfì mọ́ ògiri, òkè òkun ni ó ti wá. Ẹ má tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ ti baálé mi, tí ọmọ wa ra ọpọ́n ayò oníke fún láti Èkó, tòun ti ọmọ ayò oníke tí ó ń ta pọ́nún jáde nínú ihò, nígbà tí ọmọ ayò gidi ń já sílẹ̀ lára igi ẹ̀yìn ilé wa tí ewúrẹ́ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Lóṣù tí ó kọjá, àlejò pàtàkì kan fi wákàtí kan bá wa wí ní ìpàdé pé àwa aráàlú ni a kò fẹ́ràn ohun tiwa. Adìrẹ tí ó wọ̀, ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú, ẹni tí ó bá ti fọwọ́ kan aró rí kò ní gbàgbé èyí.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Kí wọ́n ṣòfin pé ẹni tí yóò bá wàásù ọjà ilẹ̀ wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ gbogbo ohun tí ó ti òkè òkun wá lára rẹ̀ níwájú èrò, bẹ̀rẹ̀ láti orí bàtà, kí ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sílẹ̀ pẹ̀lú, kí ó sì fi ohun tí ó bá kù lára rẹ̀ bá wa sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó wá sí ilé mi wá fọ aṣọ yìí títí yóò fi funfun.