Àkàndá Ẹ̀dá Kì í Ṣe Iwin

Ẹni tí ó bá gba ọjà Akẹ̀sán kọjá ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ilé-ìwé bá wà ní ìsinmi, yóò rí àwọn ọmọdé tí wọ́n forí jọ sídìí fóònù kan ṣoṣo, tí wọ́n ń wo sọ́ńbì, ìyẹn eré òkú tí ó jí dìde tí ó sì ń rìn. Òkè òkun ni àwọn kan nínú fídíò wọ̀nyí ti wá, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tiwa náà ti ń yà á ní ẹ̀yìnkùlé: wọn a fi ẹfun kun ojú, wọn a ta epo pupa sẹ́nu bí ẹ̀jẹ̀, wọn a ki ìrọ̀rí bọ abẹ́ ẹ̀wù kí ẹ̀yìn lè yọ, wọn a sì máa wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀ bí arọ. Ìwé ìròyìn yìí kò lòdì sí eré ìdẹ́rùbani, nítorí láti inú àlọ́ ni a ti mọ iwin àti ẹbọra. Ohun tí a fẹ́ kí ó dópin ni kí ènìyàn fẹ́ dẹ́rù ba òǹwòran, kí ó wá lọ yá ara abuké, ti àfín, ti arọ àti ti aràrá lò.

Àwa ará Ọ̀yọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí èyí, nítorí ìtàn wa ni. Samuel Johnson, àlùfáà tí ó ṣiṣẹ́ ní ìlú yìí, tí wọ́n tẹ ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ jáde ní 1921, ròyìn bí Aláàfin Abípa ṣe pinnu láti kó kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè tí Ìgbòho ti mọ́ lára kò fẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọba fẹ́ rán ènìyàn lọ yẹ ibẹ̀ wò, wọ́n yára kó abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá, arọ àti ẹnìkan tí àgbọ̀n rẹ̀ yọ síwájú lọ sí orí òkè kan níbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé ògùṣọ̀ káàkiri, kí wọ́n sì máa ké pé, "Kò sí àyè! Kò sí àyè!" Àwọn ìránṣẹ́ ọba padà wá ròyìn pé iwin ti gba ìlú. Ọba kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ó rán ògbójú ọdẹ mẹ́fà lọ, wọ́n sì mú àwọn tí wọ́n ń pè ní iwin náà láàyè. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, ìyẹn ọba tí ó mú iwin.

Nínú ìtàn yìí, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n kó lọ sí orí òkè kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Àwọn ọlọ́lá ni wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi bò, wọ́n sì mọ̀ dájú pé ojú tí ará ìlú fi ń wo abuké àti àfín ti tó láti lé ènìyàn padà. Àwọn tí ìlú kò fún ní àyè ni wọ́n gbé igbe "kò sí àyè" sí lẹ́nu. Joel Adédèjì, ọ̀jọ̀gbọ́n eré ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn, sì tọpa eré alárìnjó, eré àwọn òṣèré tí ń ti ìlú dé ìlú, lọ sí ìdí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí gan-an, nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn náà sí abẹ́ Ológbìn Ológbojò láti máa ṣeré ní ààfin. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tí ó ń jẹun nídìí eré Yorùbá lónìí jẹ àwọn mẹ́fà náà ní gbèsè.

Ìtàn sọ́ńbì fúnra rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí. Haiti ni ó ti jáde, láàárín àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Kóńgò, Dàhòmì àti ilẹ̀ Yorùbá lọ sí oko ìrèké àwọn Faransé. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé oníṣègùn búburú lè jí òkú dìde kí ó sì tún fi ṣe ẹrú, débi pé ikú pàápàá kò ní lè gba ènìyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ iṣẹ́ oko. Àwọn ẹrú náà dìde ogun ní 1791, wọ́n sì gba òmìnira ní 1804, ṣùgbọ́n ẹ̀rù yẹn kò kúrò lọ́kàn àwọn ọmọ wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà jókòó sí Haiti láti 1915 sí 1934 ni àwọn òǹkọ̀wé wọn gbé ìtàn náà lọ sílé. Fíìmù sọ́ńbì àkọ́kọ́ jáde ní 1932, nígbà tí ó sì fi máa di 1968, George Romero, olùdarí fíìmù ará Amẹ́ríkà, ti sọ òkú tí ó jí dìde di ajẹran-ènìyàn. Ẹni tí ó yẹ kí a ṣàánú ni wọ́n sọ di ẹni tí a ń yìnbọn fún.

Kí ni ó wà lẹ́yìn ara tí àwọn onífídíò wa ń sín jẹ? Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ní àdúgbò wa, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni ó ṣe é nígbà èwe, kí àjẹsára tó kápá rẹ̀, tí wọ́n fi kéde ní 2020 pé irú rẹ̀ tí kò ti ara àjẹsára wá ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà. Iké mìíràn wà tí ikọ́ ife tí ó mú eegun ẹ̀yìn ni ó fà á. Ẹ̀tẹ̀ ní oògùn tí ó ń wò ó sàn pátápátá. Ojú ọmọ àfín sì máa ń gbọ̀n fúnra rẹ̀, kì í ríran jìnnà, ìdí nìyí tí ó fi ń gbé ìwé súnmọ́ imú. Ọmọ tí ó wo irú fídíò yìí lálẹ́, tí ó sì jókòó ti ọmọ àfín ní kíláàsì lówùúrọ̀, kí ni a retí pé kí ó pè é?

Èyí tí ó burú jù ni ti oògùn owó. A ti gbọ́ ọ lórí rédíò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé wọ́n pa abuké nítorí iké rẹ̀. A kò lè sọ pé fíìmù ni ó kọ́kọ́ kọ́ àwọn apànìyàn, ṣùgbọ́n fíìmù tí ó ń fi iké hàn bí àpò ìṣúra ń bá wọn polówó. Àwọn baba wa tí a ń pè ní aláìlajú mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pe irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí, wọ́n gbà pé Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá sì fi wọ́n ṣẹ̀sín, òrìṣà ni ó ń bá jà.

Àwọn onífíìmù kan yóò ní kò sí bí a ṣe lè ṣe ẹbọra tí kò ní jọ ẹnìkan. Ó ṣeé ṣe. D. O. Fágúnwà, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ tí ó sì ṣe olùkọ́ ní St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ yìí, ti ṣe é ní 1938 nínú ìwé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Àgbákò, ẹbọra inú ìwé náà, ní ojú mẹ́rìndínlógún yí orí ká, ó dé fìlà irin, ó wọ ẹ̀wù idẹ, ejò ààyè sì ń yọ ahọ́n ní ara rẹ̀ bí ó ti ń rìn. Kò sí ẹni tí yóò pàdé ọmọ ènìyàn kan ní Akẹ̀sán tí yóò rò pé Àgbákò ni. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Ìrọ̀rí abẹ́ ẹ̀wù kò gba ọpọlọ kankan.

Òfin tí ó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá ti wà láti oṣù kìíní 2019. Àjọ tí ó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù àti fídíò sì kéde ní oṣù karùn-ún 2024 pé òun kò ní fàyè gba fíìmù tí ó ń gbé oògùn owó lárugẹ mọ́. A fẹ́ kí àjọ náà fi èyí kún un: kí ó má ṣe fọwọ́ sí eré tí ó bá fi àbùkù ara ṣe àmì iwin tàbí èlò oògùn. A mọ̀ pé fídíò orí fóònù kì í dé ọ̀dọ̀ àjọ, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ òṣèré àti àwọn òbí ni iṣẹ́ yẹn wà.

A tún mọ̀ pé àwọn òṣèré aràrá àti abuké kan wà tí ipa iwin ni ó ń bọ́ wọn. A kò fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Kí àwọn olùdarí eré fún wọn ní ipa adájọ́, ti olùkọ́, ti ìyá ọlọ́jà, ti ọkọ ìyàwó, ti ọba, kí wọ́n sì san iye tí wọ́n ń san fún àwọn òṣèré yòókù fún wọn.