Surge: Ọ̀rọ̀ Ìgbì Òkun Tí Wọ́n Gbé Wọ Ọjà

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí à ń bá pàdé nínú ìròyìn lójoojúmọ́, tí mo sì rò pé ó yẹ kí a máa ṣọ́ra fún. Ọ̀rọ̀ náà ni surge. Inú èdè Látìn ni ó ti ṣẹ̀ wá, níbi tí surgere ti túmọ̀ sí kí nǹkan dìde, kò sì sí ibi tí ó ti bá a mu tó etí òkun. Nígbà tí òkun ru ní etíkun Kuramo, ní Èkó, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, tí ó gbá ilé lọ tòun ti ènìyàn, ocean surge ni àwọn ìwé ìròyìn pè é, wọn kò sì ṣì í pè, nítorí kò sí ẹni tí ó pàṣẹ fún omi náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti iná mànàmáná tí agbára rẹ̀ ṣàdédé fò sókè, tí gílóòbù mọ́lẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí òórùn ohun tó ń jóná tó ti ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n jáde.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé àwọn aláṣẹ àti oníṣòwò ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di aṣọ ìbora. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2007, George W. Bush, tí ó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, kéde pé òun yóò fi ọmọ ogun tí ó lé ní 20,000 kún àwọn tí ó ti wà ní Iraq, surge sì ni wọ́n ń pe ìpinnu náà títí di òní. Escalation ni àwọn alátakò rẹ̀ pè é ní tiwọn, ìyẹn ni pé ẹnì kan ló ń koná mọ́ ogun.

Ti Uber, iléeṣẹ́ tí èrò ń fi fóònù pe ọkọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ló ká mi lára jù. Nígbà tí èrò bá pọ̀ ju ọkọ̀ lọ, ètò orí ẹ̀rọ wọn á fowó lé owó ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní surge pricing. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, agbébọn kan ká àwọn ènìyàn mọ́ ilé ìtajà kọfí kan láàárín ìlú Sydney, ní Australia. Bí àwọn tó wà nítòsí ti ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn sá kúrò níbẹ̀, owó Uber ti gbẹ́nu sókè, ó di 100 dọ́là ilẹ̀ náà ó kéré tán. Nígbà tí ariwo pọ̀, iléeṣẹ́ náà ní kí èrò máa wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kúrò láàárín ìlú, ó sì ní òun yóò dá owó àwọn tó ti san padà. Ohun tí ènìyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ yí padà lọ́jọ́ kan náà kì í ṣe ìgbì rárá.

Nítorí náà ni mo ṣe ń rọ àwọn tí ń túmọ̀ ìròyìn sí Yorùbá pé kí wọ́n má ṣe fi "ó ru sókè" kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó ń ná tòmátò mọ̀ pé "ọjà gbówó lórí" yàtọ̀ sí "wọ́n fowó lé ọjà", nítorí gbólóhùn kejì ní ẹni tí a lè bi léèrè. Bí iléeṣẹ́ kan bá fowó kún owó rẹ̀, kí ìròyìn dárúkọ rẹ̀, kí ó sọ iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀, iye tó ń gbà báyìí, àti ìdí tí òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun fi ṣe bẹ́ẹ̀.