Bíbu omi la single malt kò bà á jẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn pé ẹni tó bá bu omi la wisikí single malt ti Scotland (èyí tí ilé ìpọntí kan ṣoṣo fi ọkà báálì tí wọ́n mú hù ṣe) ti bà á jẹ́, pé bó ṣe kúrò nínú àgbá ló ṣe wọ ìgò. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mu ún láìlà lè mu ún bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìgò tó wà lọ́jà ni wọ́n ti là níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ wo ara ìgò. Bí ìwọ̀n ọtí tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá jẹ́ 40%, 43% tàbí 46%, ó sábà máa ń fi hàn pé omi ti wọ̀ ọ́. Òfin wisikí Scotland ti ọdún 2009 kò sì gbà kó dín sí 40%. Èyí tí wọn kò là ni wọ́n ń kọ “cask strength” sí lára, ó sì sábà máa ń lé ní 50%.

Ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Bí ẹ bá da mílílítà 30 tó jẹ́ 60%, ṣíbí tíì méjì (mílílítà 10) á sọ ọ́ di nǹkan bí 45%: títa rẹ̀ á rọlẹ̀, òórùn rẹ̀ á jáde. Ẹ máa kán an díẹ̀díẹ̀, ẹ máa tọ́ ọ wò, torí omi tó bá ti wọlé kò ṣeé yọ. Fún ti 40%, ẹ̀kán mélòó kan ti tó.

Bó bá ṣú bíi kùrukùru, ọ̀rá inú rẹ̀ tí wọn kò fi òtútù sẹ́ kúrò ló fà á. Kò bàjẹ́. Yìnyín ló ń bo òórùn mọ́lẹ̀.