Òtútù kọ́ ni ká bẹ̀rù fún bátìrì
Ìròyìn kan sọ pé àwọn jíìpù olówó ńlá tó ń lo iná mànàmáná kì í rìn jìnnà tó bí ilé-iṣẹ́ ṣe kéde nígbà òtútù, àwọn kan sì ti ń pe èyí ní ẹ̀tàn. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Inú yàrá tó móoru dáadáa ni wọ́n ti ń ṣe WLTP, ìdánwò ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n fi ń mọ bí ọkọ̀ ṣe lè rìn jìnnà tó, ní ìwọ̀n ooru 23 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì (23°C). Nínú ọkọ̀ epo, ooru tí ẹ́ńjìnnì ń fi ṣòfò ni wọ́n fi ń mú inú ọkọ̀ móoru. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ oníná, bátìrì kan náà tó ń yí táyà ni yóò ṣe iṣẹ́ yẹn, nígbà tí òtútù sì ti mú kí iṣẹ́ inú bátìrì fúnra rẹ̀ falẹ̀. Ẹni tó bá mú ọkọ̀ móoru nígbà tó ṣì ń gba iná nílé yóò jàǹfààní púpọ̀.

Ohun tó ká mi lára jù ni ti àwa tí a wà ní Ìlọrin, tí tókùnbọ̀ láti Kánádà ń dé ọwọ́ wa. Ohun tí òtútù dín kù ń padà bọ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ bá móoru, ṣùgbọ́n gbígbó tí ooru líle ń gbó bátìrì kì í padà. Bí a bá gba iná sí bátìrì kún dẹ́nu, tí a sì gbé ọkọ̀ sínú oòrùn oṣù Kẹta níbí láti àárọ̀ dalẹ́, a ń dín ọjọ́ ayé rẹ̀ kù. Kí ẹni tó fẹ́ rà á béèrè iye agbára tó kù nínú bátìrì, kó sì rí i dájú pé ẹ̀rọ tó ń mú bátìrì tutù ń ṣiṣẹ́.