Rọ́bọ́ọ̀tì báńkì wa fẹ́ jáde lọ́jọ́ Ajé

Akọ̀wéYaba: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Báńkì tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní rọ́bọ́ọ̀tì AI tó ń dá oníbàárà lóhùn. A ti fi oṣù 3 dán an wò, òṣìṣẹ́ 40 péré ló lò ó. Ọ̀gá ní ká ṣí i fún gbogbo ayé lọ́jọ́ Ajé. Kí ló yẹ ká ṣe ká tó gbé e jáde?

BàbáÌbejì: AI ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa tán. Mi ò kà á délẹ̀ o.

Kẹ́hìndéToronto: Ẹ bi Air Canada, iléeṣẹ́ bàálù, wò. Rọ́bọ́ọ̀tì wọn sọ fún ẹnì kan tó ń lọ síbi òkú pé kó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó wá béèrè ẹ̀dínwó kí 90 ọjọ́ tó pé. Irọ́ ni. Nígbà tí ẹjọ́ dé, wọ́n ní rọ́bọ́ọ̀tì ló ni ẹnu rẹ̀. Ní 2024, ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n sanwó: ó lé ní 800 dọ́là Kánádà.

ỌmọOnímọ́ínmọ́ín: Ẹ̀dínwó òkú kẹ̀? Níbí, tí wọ́n bá ti rí aṣọ ẹbí lọ́rùn ẹ ni wọ́n ń fowó ọkọ̀ lé e.

ÌyáKọ̀ǹpútà: Àwọn 40 yẹn mọ ohun tí wọn kì í bi í. Oníbàárà ò mọ̀. Ẹ ṣí i fún èèyàn 5 nínú 100 ná, kí ẹnì kan máa ka èsì rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ sì mọ ibi tí ẹ ó ti pa á. Ẹ má fún un láṣẹ àtidá owó padà!

Akọ̀wéYaba: Ẹ ṣé mà. Lánàá, ẹnì kan tẹ "owo mi ha sinu ATM". Ó fèsì pé: "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má fà á. Ẹ tètè rí dókítà."

BàbáÌbejì: 😂😂😂 Ọwọ́!

ÀkàndéOlùkọ́: Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló jẹ̀bi. Ká ní ó fàmì sí i ni, ṣé rọ́bọ́ọ̀tì á ka owó sí ọwọ́?

ỌmọMọ́kọ́lá: Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí 20,000 rẹ̀ há sínú ẹ̀rọ, àmì ohùn ló fẹ́ wá?

ÀkàndéOlùkọ́: Ìwàkúwà yín nìyẹn. Yoruba ti ko ni ami, ki i se Yoruba!!

ỌmọMọ́kọ́lá: Àmì tiyín dà, ẹ̀gbọ́n?

ÀkàndéOlùkọ́: Foonu mi ni.

ỌmọOnímọ́ínmọ́ín: Fóònù oníbàárà yẹn náà ni sà 😂

Kẹ́hìndéToronto: Ẹ má gbàgbé DPD, iléeṣẹ́ akẹ́rù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, January 2024. Wọ́n ṣàtúnṣe sí rọ́bọ́ọ̀tì wọn báyìí, ló bá ń sọ ìsọkúsọ sí oníbàárà. Ó tún kéwì bú iléeṣẹ́ tó ni ín.

BàbáÌbejì: Ó mọ ewì? Èyí tó yẹ kí báńkì yín rà nìyẹn.

ÌyáKọ̀ǹpútà: MO TÚN WÍ I O. Ẹ MÁ FÚN UN LÁṢẸ OWÓ!

ÀkàndéOlùkọ́: Mo ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ Mọ́kọ́lá, ó yá, wá bá mi jà.

ỌmọMọ́kọ́lá: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ lọ tún ti àárọ̀ kọ.

Akọ̀wéYaba: Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ Ajé ńkọ́?

Títí_B: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Báńkì wo ni, kí n tètè lọ yọ owó mi?