Àpótí tí kì í kọ ọjà

Ìyá mi bi mí ní ìbéèrè kan lálẹ́ ọjọ́ kan, mi ò tíì rí èsì tó tẹ́ ẹ lọ́rùn fún un títí di òní. Iná ti lọ ní àdúgbò wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin níbí, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù mi, mò ń kórè nínú Stardew Valley, eré oko kan. Màmá gbé ẹ̀wà tó fẹ́ ṣà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń lo ìmọ́lẹ̀ fóònù mi, ó sì ń yọjú wo ohun tí mò ń ṣe. Ó rí i bí mo ṣe ká èso, tí mo da gbogbo rẹ̀ sínú àpótí onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tí mo wọlé lọ sùn, tí ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́, tí owó sì ti wọlé.

Ó ní, "Ta ló rà á?"

Mo ní àpótí yẹn ni, Màmá. Ẹ ṣáà ti da ọjà síbẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti rà á.

Ó ní, "Mo gbọ́. Àwọn wo ni wọ́n?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ eré náà. Ọkùnrin kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà, Eric Barone, ló ṣe é látòkèdélẹ̀, àwòrán, orin àti ìtàn inú rẹ̀. Ó jáde ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2016. Nínú ìtàn rẹ̀, bàbá àgbà rẹ ti kú, ó fi oko tó ti di igbó sílẹ̀ fún ọ, ìwọ náà fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ nílùú ńlá, o lọ ń ro ó. (Mo mọ ẹni púpọ̀ ní Kétu tí bàbá àgbà wọn fi oko sílẹ̀ fún. Kùtọnu ni wọ́n sá lọ.) Ìgbà mẹ́rin ló wà nínú ọdún ibẹ̀: ìrúwé, oòrùn, ìwọ́wé àti òtútù, ọjọ́ 28 sì ni ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá jẹ́ ọ̀gbìn ìgbà oòrùn nìkan, tí ìwọ́wé bá ti wọlé, àárọ̀ ọjọ́ kìíní ni yóò kú. Tí òtútù bá wá dé, yìnyín á bo ilẹ̀, yàtọ̀ sí irúgbìn inú igbó àti nǹkan díẹ̀ báyìí, kò sí ohun tó ń hù níta. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àwa tí a ń ṣe é fi ń bi ara wa ní ìbéèrè kan náà: kí ni mo lè gbìn tí owó kò fi ní dáwọ́ dúró yípo ọdún?

Èmi ti ṣírò rẹ̀ débi pé ó ní ìwé tirẹ̀. Iṣẹ́ fóònù títúnṣe ni mò ń ṣe. Iwájú ìwé náà ni mò ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ti oko inú fóònù. Ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ti ń dùn mọ́ mi. Ní ìgbà oòrùn, ẹ gbin blueberry. Góòlù, ìyẹn owó inú eré náà, 80 ni irúgbìn kan, ọjọ́ 13 ló fi ń gbó, láti ìgbà yẹn ẹ ó máa ká a ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, èso mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, góòlù 50 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbìn ín lọ́jọ́ kìíní, ẹ ó ká a ní ọjọ́ 14, 18, 22 àti 26. Èso 12 nìyẹn, góòlù 600 lórí ìdí kan. Tí ìwọ́wé bá dé, ẹ bọ́ sórí cranberry. Góòlù 240 ni irúgbìn rẹ̀, ọjọ́ méje ló fi ń gbó, lẹ́yìn náà ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, èso méjì méjì, góòlù 75 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkórè márùn-ún ló ń bọ́ sí, góòlù 750. Ẹ yọ owó irúgbìn kúrò nínú méjèèjì: 520 kù lórí blueberry, 510 kù lórí cranberry. Owó irúgbìn cranberry máa ń já àwọn èèyàn láyà, àmọ́ èrè wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Elégédé ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Góòlù 320 ni wọ́n ń ra ẹyọ kan, ojú mi wọ̀ ọ́. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, mo ra irúgbìn 40 ní góòlù 100 100, mo kó gbogbo owó ọwọ́ mi lé e, mo sì gbìn ín ní ọjọ́ 20 ìwọ́wé. Ọjọ́ 13 ni elégédé ń gbà. Ọjọ́ mélòó ló kù nínú ìgbà náà? Ẹ bá mi kà á. Mò ń bomi rin ín láràárọ̀, mò ń kọrin. Àárọ̀ ọjọ́ kan mo jí, ilẹ̀ funfun báláú, 40 elégédé ti di koríko gbígbẹ. Mo sọ fún ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ àgbẹ̀, o ò mọ ọjọ́ kà."

Owó gidi kò sí níta oko ṣá. Inú ilé onígíláàsì ló wà. Kí wọ́n tó bá ọ tún un ṣe, àfi kí o kó oríṣiríṣi irè oko fún àwọn ẹ̀mí kéékèèké inú gbọ̀ngàn ìlú, tàbí kí o dara pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ olówó inú eré náà kí o san góòlù 35,000. Ààyè ọ̀gbìn 120 ló wà nínú rẹ̀, kò sí ìrúwé, kò sí òtútù níbẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà eré yìí ń gbìn síbẹ̀ ni Ancient Fruit. Ọjọ́ 28 ló fi ń dàgbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti ìgbà yẹn lọ, èso kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kì í kú mọ́. Góòlù 550 ni èso náà ní tútù. Tí o bá jù ú sínú àgbá, ó di ọtí ní ọjọ́ méje, owó rẹ̀ á sì di ìlọ́po mẹ́ta, góòlù 1,650. Èmi ní ìdí 116, torí àwọn ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi gba ààyè díẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá di ọtí, góòlù 191,400 lọ́sẹ̀ kan, nígbà òtútù, èmi kò sì fọwọ́ kan ọkọ́.

Èrò ọkàn mi ni pé òótọ́ ni eré yìí sọ títí dé ibi àgbá yẹn. Ibi àpótí ló ti parọ́.

Ẹ wò ó, àwa náà ní òtútù tiwa. Òjò wa ń bẹ̀rẹ̀ ní bí oṣù Kẹta, ó ń rọ̀ dé oṣù Keje, ó sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ó tún padà wá títí di bí oṣù Kọkànlá. A ń gbin àgbàdo ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ọyẹ́ á dé, ilẹ̀ á le, orí òkè la sì wà ní Kétu níbí, ẹni tó bá ti fa okùn kànga rí láyìíká wa mọ bí omi ṣe jìn sí. Àwọn ará ìsàlẹ̀ Odò Wèmè, ní apá Ajohun àti Dangbo, tiwọn yàtọ̀. Tí odò bá kún tó sì fà sẹ́yìn, ilẹ̀ rírọ̀ tó fi sílẹ̀ ni wọ́n ń gbin ata àti ẹ̀fọ́ sí nígbà tí ilẹ̀ tiwa ti gbẹ. Omi ni ilé onígíláàsì wọn.

Tiwa ńkọ́? Ẹ̀gẹ́ ni. Mi ò ṣàwàdà. Ẹ̀gẹ́ tó bá ti gbó, ó lè jókòó sínú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ọjọ́ tó bá wù ọ́ lo máa wú u, òjò ì bá à rọ̀, ọyẹ́ ì bá à fẹ́. Kò sí irúgbìn nínú Stardew Valley tó tó o. Àgbá ọtí wa sì ni agbada gààrí. Màmá mi mọ èyí kí wọ́n tó bí Eric Barone. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń din gààrí lẹ́yìn ilé, àwọn obìnrin mẹ́rin á ti bẹ́ ẹ̀gẹ́ láti àná, wọ́n á ti rin ín, wọ́n á ti gbé òkúta lé àpò rẹ̀ kí omi rẹ̀ ro. Màmá á jókòó ti agbada, èéfín á máa bá a lójú, igbá ọwọ́ rẹ̀ á máa lọ, á máa bọ̀, kò ní dúró. Tó bá rò pé ó ti tó, á bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á fọn ún, á gbé e sẹ́nu. Ìró tó bá gbọ́ láàárín eyín rẹ̀ ló fi ń mọ̀ pé ó ti gbẹ. Ẹ̀gẹ́ tútù tó kù fún un lọ́jọ́ kẹta yóò ti bàjẹ́, gààrí yẹn lè pẹ́ dé ìgbà tí ojú ọjà bá là.

Ẹ wá jẹ́ ká bọ́ sórí àpótí. Àpótí inú eré náà, kó o gbé tòmátì kan wá, kó o gbé ẹgbẹ̀rún kan wá, iye kan náà ló máa san. Kì í sọ pé ọjà ti kún. Kì í sọ pé kó o dúró dìgbà tí ọkọ̀ bá dé. Ọjọ́ wo ni ẹ rí ọjà bẹ́ẹ̀? Mo ti bá Màmá gbé tòmátì lọ sọ́jà ní oṣù Keje. Ní àárọ̀, agbọ̀n kan 8000 sẹ́fà, ó kọ̀, ó ní 10,000 lòun ń tà á. Lọ́sàn-án, mọ́tò méjì tún já tòmátì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ìsàlẹ̀ agbọ̀n ti ń rin, eṣinṣin ti dé, 3000 ni obìnrin kan dá lé e, àwa la tún bá a gbé e dé orí zẹ̀míjàn, ọ̀kadà tiwa. Màmá kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn kan gbé ọkọ̀ funfun wá sí abúlé ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Wọ́n gbẹ́ kànga oníẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí n yìn wọ́n fún ìyẹn. Wọ́n pín irúgbìn tòmátì, wọ́n ní tòmátì ń wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí gbogbo ilé gbìn ín nígbà náà. Bí wọ́n ṣe wí ni wọ́n ṣe. Ilé bí ọgbọ̀n gbin ohun kan náà lọ́sẹ̀ kan náà, ó pọ́n lọ́sẹ̀ kan náà. Alájàpá kan ṣoṣo ló ń wá láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), mọ́tò kan ló sì mú wá. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo agbọ̀n lọ títí, ó gbé ọwọ́ sídìí, ó ní, "Ṣé èmi nìkan ni gbogbo yín ń dúró dè?" Ewúrẹ́ jẹ tòmátì lọ́dún yẹn dé góńgó. Àwọn tó wá pẹ̀lú ọkọ̀ funfun, eré ni wọ́n ṣe. Wọ́n rò pé àpótí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abúlé.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Àjàṣẹ́ máa ń ṣe Farming Simulator lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní tibẹ̀ dáa díẹ̀, pé tí o bá da àlìkámà púpọ̀ sí ibì kan náà, iye tí wọ́n ń rà á á máa wálẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi yìí kan náà ló mú mi dé Songhaï, ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Wàǹdó, tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní ọdún 1985. Mo rí adìẹ, mo rí ẹja, mo rí oko, ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì, èso ń di omi èso nínú ìgò. Ohun tí ojú mi dúró sí ju ni ṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń ṣe é, àwọn náà ni wọ́n ń tà á. Wọ́n kan àpótí tiwọn fúnra wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ká ju fóònù nù ká padà sóko, ẹ kọ́kọ́ sọ ẹni tó máa rà á fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi àwòrán ilé onígíláàsì yín ṣe fọ́ńté pé àgbẹ̀ olówó ni yín, mo rí yín o. Èmi náà wà níbẹ̀, ìdí 116.

Àpò gààrí mẹ́ta ló wà ní yàrá Màmá báyìí, ó ń dúró kí ojú ọjà là. Tó bá rí mi tí mo gbé fóònù lálẹ́, á bi mí láti inú yàrá pé, "Wọ́n ti rà á?"

Mo ní, "Wọ́n ti rà á, Màmá."

Á pòṣé, á yí ẹ̀gbẹ́ padà.